Alákàn Tó Bọ́ Ẹ̀wù, Tó Tún Hu Ọwọ́

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, inú báàfù ni wọ́n gbé e wá. Màmá Ọmọ́tárá ló ru báàfù náà, omi ń ta sí i léjìká. Bàbá Gbénró télọ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra máa rìn kí ẹni tó wà nínú omi má baà dákú. Ààfin tí mò ń wí yìí, ilé Baálẹ̀ Ìdí-Ayin ni, lójú ọ̀nà Ayete sí Tápà. Ilé alágbàlá kan báyìí ni, ṣùgbọ́n bí o bá pè é ní ilé lásán níwájú Jagun, wàá ṣàlàyé títí ọ̀fun rẹ á fi gbẹ.

Baálẹ̀ Ògúnrìndé ti jókòó. Jagun wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Ìyálóde wà lósì. Àwa ará àdúgbò kún gbogbo ẹ̀yìn, nítorí a ti gbọ́ pé ìdílé méjì tó fẹ́ di àna fẹ́ túká. Ọmọ́tárá, ọmọ obìnrin tó pẹjọ́, ni Gbénró, ọmọ télọ̀ tí wọ́n pè lẹ́jọ́, fẹ́ fi ṣaya. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána, àwọn olùkọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dán ohùn wò. Ní àná, àwọn ọmọ méjèèjì fara ti ògiri bí ẹni tó já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́, wọn ò sì lè wo ojú ara wọn.

"Màmá Ọmọ́tárá, ta lo pè lẹ́jọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Kábíyèsí, àna mi ni. Àna tí mo fẹ́ẹ́ ní tẹ́lẹ̀ o, kó tó di pé ó jẹ Ṣọ́jà."

Jagun fò dìde. "Ó jẹ ṣọ́jà? Ṣọ́jà ìjọba?"

"Rárá o, Jagun. Ṣọ́jà lorúkọ alákàn mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Jagun padà jókòó. "Ẹ̀rù bà mí díẹ̀."

"Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ," ni Baálẹ̀ wí.

"Kábíyèsí, ọmọ mi àgbà bímọ ní Ìbàdàn. Mo fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ta ni mo lè fa Ṣọ́jà lé lọ́wọ́? Mo ní Bàbá Gbénró ni, ẹni tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tí ọmọ mi fẹ́ di ọmọ rẹ̀. Mo ní kó máa bá mi pààrọ̀ omi, kó máa ju ìrẹsì díẹ̀ sí i. Mo lọ, mo bọ̀, mo yọjú wo inú báàfù. Alákàn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí, ọwọ́ méjì ló ní!"

"Alákàn wo ni kò ní ọwọ́ méjì?"

"Ṣọ́jà ni! Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ní. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti já tipẹ́. Ìdí tá a fi sọ ọ́ ní Ṣọ́jà nìyẹn, a ní ó jọ ẹni tó ti ogun bọ̀. Ará àdúgbò, ẹ jẹ́rìí mi."

A jẹ́rìí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọwọ́ Ṣọ́jà kò pé.

"Mo wá wo ojú fèrèsé télọ̀. Kí ni mo rí? Ṣọ́jà mi gan-an ló wà níbẹ̀, ó ti di èèpo. Èèpo lásán! Ẹ̀yìn rẹ̀ rèé, ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé, ojú rẹ̀ rèé, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo náà rèé. Kò sí ẹran bíńtín nínú rẹ̀. Bàbá Gbénró ti jẹ ẹ́ tán, ó wá fi alákàn ọlọ́wọ́ méjì dí àyè rẹ̀, ó rò pé n kò ní wò ó!"

Ó tú hánkáṣíìfù, ó gbé èèpo náà síwájú Baálẹ̀. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òdidi alákàn ni lójú, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ìyálóde gbé e sókè, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀.

"Tí èmi bá jẹ alákàn, mo máa ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ ni," ló wí. "Báwo lèèyàn ṣe lè mú ẹran kúrò nínú eléyìí kí èèpo má sì sán?"

"Télọ̀ ni, Ìyálóde," ni Màmá Ọmọ́tárá dáhùn. "Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan láì ya á."

Ariwo ta. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó kọjú sí télọ̀.

"Malachi, o gbọ́ ohun tí wọ́n wí."

Bàbá Gbénró ṣí fìlà. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kí ẹ̀mí yín gùn, Kábíyèsí. N kò jẹ Ṣọ́jà. Ṣọ́jà ló bọ́ra sílẹ̀."

"Ó bọ́ kí ni?"

"Ẹ̀wù ara rẹ̀. Ẹ̀wù náà ti fún un. Ó ya lẹ́yìn, ó jáde nínú rẹ̀. Ó wá hu ọwọ́."

Ni Jagun bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Malachi! Ìwọ tí ò ń ka Bíbélì fún wa lọ́jọ́ Sunday!"

"Ohun tí mo rí ni mò ń sọ, Jagun. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ, mò ń ran ìgbátí ẹ̀wù kan. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ẹ̀yìn Ṣọ́jà ti là gbọọrọ, níbi tí èèyàn á ti ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò. Mo ní yéè, mo ti pa alákàn àna mi! Abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ wá."

"Abẹ́rẹ́ kí ni?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ bá a rán an, Kábíyèsí. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ti ń fi ìdí bọ̀ jáde. Ó ń yọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yọ apá nínú kóòtù tó há. Ó fa ojú pàápàá yọ! Nígbà tó parí, aṣọ dúró sí apá kan, ẹni tó ni ín dúró sí apá kejì, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná."

Jagun nu omi ojú. "Dúró ná. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tó bọ́ ojú sílẹ̀, kí ló wá fi ń ṣọ́rí?"

"Kò ṣọ́ ọ, Jagun. Abẹ́ àpáàdì inú báàfù ló sá sí. Kò yọjú títí ara rẹ̀ fi gan."

"Irọ́ gidi!" ni Màmá Ọmọ́tárá pariwo. "Kábíyèsí, mo ní ẹlẹ́rìí. Ràhmọ̀t, jáde wá."

Ràhmọ̀t onídìrí jáde, ẹni tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti ti télọ̀ níyà.

"Kí lo rí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"N kò rí nǹkan kan, Kábíyèsí. Mo gbóòórùn ni. Ọbẹ̀ alákàn ń hó nílé Bàbá Gbénró, ata rodo ti wọ̀ ọ́, alùbọ́sà ti jinná, ó kù kí wọ́n fi ewé sí i."

"Ewé wo?"

"Ẹfinrin."

Jagun gbé itọ́ mì. Ìyálóde tẹ ara síwájú.

"Ràhmọ̀t, ṣé ọjọ́ tí ìrẹsì rẹ jóná ni?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an ni mà. Ọ̀finkìn ń dà mí láàmú, n kò mọ̀ pé ó ń jó rárá."

"Gbogbo wa gbóòórùn ìrẹsì yẹn dé ìsàlẹ̀ odò. Ìwọ tó o wà nídìí ìkòkò ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n o gbọ́ ti ẹfinrin lẹ́yìn ògiri?"

Ràhmọ̀t ronú díẹ̀. "Ìyálóde, ìrẹsì, mo ti mọ òórùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, imú mi ò kà á sí mọ́. Ọbẹ̀ ẹlòmíràn ni imú ń dá mọ̀."

"Jókòó," ni Baálẹ̀ wí. "Malachi, ṣé o ní ẹlẹ́rìí?"

"Mo ní, Kábíyèsí. Tàófíìk ọlọ́kadà. Òun ló máa ń gbé mi, ó mọ̀wà mi, ó mọ̀ pé n kì í jẹ ohun tí kì í ṣe tèmi."

Tàófíìk dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀.

"Kábíyèsí, Bàbá Gbénró kò lè jalè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ní ọjọ́ ọjà Tápà tó kọjá, èmi ni mo gbé wọn lọ, èmi ni mo gbé wọn bọ̀. Báàgì kan wà láàárín wa, ohun kan ń họ mí lẹ́yìn láti inú rẹ̀. Mo ní, 'Bàbá, kí lẹ kó?' Wọ́n ní aṣọ ni. Mo ní, 'Aṣọ tó ń họ èèyàn?' Wọ́n ní léèsì ni."

Ẹnu Bàbá Gbénró ṣí sílẹ̀.

"Tàófíìk," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹlẹ́rìí mi mà ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo ń sọ pé ẹ kì í jalè. Ẹ san owó ohun tẹ́ ẹ kó."

Màmá Ọmọ́tárá ti dúró lórí ìka ẹsẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Alákàn ọjà Tápà ló wà nínú báàfù mi! Gbénró, ọmọ mi ò ní wọ ilé yín. Ilé tí wọ́n ti ń jẹ ohun tá a fi sípamọ́, ọjọ́ wo ni wọn ò ní jẹ ọmọ mi?"

Ọmọ́tárá bú sẹ́kún. Gbénró gbé ẹsẹ̀ bíi pé ó fẹ́ lọ bá a, ó wo ojú Màmá Ọmọ́tárá, ó dá ẹsẹ̀ náà padà síbi tó wà.

"Malachi," ni Baálẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "kí ló wà nínú báàgì?"

Télọ̀ wo ilẹ̀. Ó fa téèpù lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka.

"Alákàn ni, Kábíyèsí."

"Kí lo fi wọ́n ṣe?"

"Mo sè wọ́n. Mo fi ẹfinrin sí i bí Ràhmọ̀t ṣe wí."

Ràhmọ̀t wo gbogbo ènìyàn yíká, ó na imú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," ni Bàbá Gbénró wí. "Láti ọjọ́ tí Ṣọ́jà ti dé ọ̀dọ̀ mi, iwájú ẹ̀rọ mi ló ń gbé. Mo bá ránṣọ díẹ̀, mo wò ó. Mo tún rán díẹ̀, mo tún wò ó. Ó sanra, Kábíyèsí. Itọ́ ò jẹ́ kí n ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ní kí n má baà ṣẹ̀ sí àna mi, kí n lọ ra tèmi. Àwọn tí mo rà ni mo jẹ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, nítorí gbogbo ìgbà tí àna mi bá pè mí láti Ìbàdàn ni mò ń sọ fún un pé mo ti fẹ́ràn alákàn débi pé n kò lè jẹ wọ́n mọ́."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀," ni Màmá Ọmọ́tárá wí. "Mo sunkún lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ ti àgbọ̀n. Ọ̀ràn ti le. Alákàn kan wà nínú ikùn, òmíràn wà nínú báàfù. Ta ló mọ èwo ni Ṣọ́jà?

Ìgbà yẹn ni Ọmọ́tárá nu ojú, tó sì na ọwọ́ sí ọ̀dọ́bìnrin kan tó dúró lẹ́bàá ìloro. Peculiar ni, ọmọ Tíṣà Bámiṣẹ́, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Poli Èrúwà. Ìsinmi ló bá wá sílé.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí Peculiar sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ló ń kọ́."

Peculiar kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ohun tí Bàbá Gbénró sọ nípa ẹ̀wù yẹn lè jẹ́ òótọ́. Alákàn kò ní eegun nínú bíi tiwa. Èèpo tó le yìí gan-an leegun rẹ̀. Ìta ló wọ̀ ọ́ sí."

"Ìyẹn ni pé," ni Jagun wí, "eegun ló wà níta, ẹran wà nínú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹran yín ló wà níta sà. Eegun yín wà nínú."

"Ẹran Jagun ló pọ̀ níta," ni Ìyálóde wí.

Ẹ̀rín ta díẹ̀. Peculiar dúró kó lọ sílẹ̀.

"Eegun ìta yẹn kì í dàgbà, Kábíyèsí. Ara tó wà nínú rẹ̀ ló ń dàgbà. Tó bá ti há a mọ́, awọ tuntun á ti hù lábẹ́ èyí tó wà lókè, á rọ̀. Èyí tó wà lókè á là lẹ́yìn, alákàn á jáde, á fa omi mu kí ara rẹ̀ lè fẹ̀, kí awọ tuntun tó gan. Nígbà tó ṣì rọ̀, ẹyẹ lè gbé e, ẹja lè gbé e. Ìdí tó fi ń sá pamọ́ nìyẹn. Alákàn nìkan kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti edé, bẹ́ẹ̀ ni ti tata, ti ìrẹ̀, ti aláǹtakùn, ti àkeekèé, títí kan ọ̀kùn. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ wọn ní oríkèé, eegun wọn wà níta."

"Àkeekèé àti edé?" Ìyálóde di orí mú. "Ẹbí kan náà? Ọmọ yìí, ṣé kí n má lè jẹun lálẹ́ òní lo fi ń sọ èyí?"

"Ọwọ́ ńkọ́?" ni Baálẹ̀ bi í. "Ṣé ọwọ́ náà máa ń hù?"

"Ó máa ń hù sà. Tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ alákàn bá já, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí hù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá bọ́ èèpo ló máa nà jáde. Á kọ́kọ́ kéré. Tó bá tún bọ́ òmíràn, á tún tóbi sí i."

Jagun na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ń ro ó láti ọdún tó kọjá, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Malachi ní ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kí n fọwọ́ kàn án."

"Jagun sà, á ti gan báyìí o," ni Peculiar wí.

Jagun ti ki ìka bọ omi. Ohun tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó lè ròyìn rẹ̀ tán. A gbọ́ igbe. A rí agbádá tó ń yí káàkiri àgbàlá. Alákàn rọ̀ mọ́ ìka ìjòyè bí ẹ̀ka mọ́ igi. Ìyálóde ń pariwo pé kí ó tẹ ọwọ́ sínú omi, Jagun ń pariwo pé inú omi ni ó ti mú òun. Gbénró ló padà fi ọgbọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ bọ báàfù, alákàn tú u sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sábẹ́ àpáàdì rẹ̀.

"Ọwọ́ wo ló fi mú ọ?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ọ̀tún," ni Jagun wí láàárín eyín. "Òsì kéré. Ó kàn ń họ mí díẹ̀ ni."

"Ó kéré?" ni Baálẹ̀ wí. Ó mú èèpo náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Peculiar, wá wo ibi tí ọwọ́ òsì yẹ kó wà lára èèpo yìí. Kí ni kiní yìí?"

Peculiar wò ó. Ojú rẹ̀ tàn. "Kábíyèsí, àpò ni! Ibi tí ọwọ́ tuntun ká ara rẹ̀ jọ sí nìyẹn kó tó jáde. Ẹ wò ó, òfìfo ni báyìí."

Bàbá Gbénró fẹ́ wo àpò náà, ojú iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n lé e sẹ́yìn.

"Màmá Ọmọ́tárá," ni Baálẹ̀ wí, "kó o tó lọ sí Ìbàdàn, ṣé nǹkan kan wú níbi tí ọwọ́ Ṣọ́jà ti já?"

Obìnrin náà fi etí ìborùn nu ẹnu.

"Ó wú díẹ̀, Kábíyèsí."

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo rò pé eéwo ni. Mo fi òrí pa á."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ti gbọ́ bí ẹjọ́ rẹ̀ ṣe ti ẹnu ara rẹ̀ wó. Bàbá Gbénró pàápàá kò yọ̀. Ó wo àna rẹ̀, ó rí ohun tí àwa ò tíì rí, ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá Ọmọ́tárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó."

Kò jókòó.

"Mo mọ̀ pé òun ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Láti àná ni mo ti mọ̀. N kò fẹ́ kó jẹ́ òun ni. Kábíyèsí, bàbá wọn ló mú un. Odò Ọ̀fìkì ló ti lọ wo ìgèrè rẹ̀. Ó fà á jáde, ọwọ́ alákàn já sí i lọ́wọ́. Ó gbé e délé, n kò tíì dáná, ó ní kí n má ṣe dáná. Ó ní, 'Keturah, ẹni tí mo ti gba ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò ní tún jẹ ìyókù rẹ̀.' Ó wá báàfù fún un. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àìsàn fi gbé e lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo ibi tí ọwọ́ yẹn ti já, ọwọ́ ọkọ mi ni mò ń rí. Ó ti wá hù báyìí. Ó ti pé, bí ẹni pé ọkọ mi ò fọwọ́ kàn án rí."

Ọmọ́tárá ti dìde lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀. Èmi tí mò ń ròyìn yìí, mo wá nǹkan wò lójú ọ̀run.

Baálẹ̀ pè é ní orúkọ.

"Keturah. Ẹni tó gba ọwọ́ lọ́wọ́ alákàn, tí kò lè jẹ ìyókù rẹ̀, tó bá wà láàyè lónìí, tó rí i pé ọwọ́ náà ti hù, kí lò ń rò pé á ṣe?"

Ẹnu rẹ̀ fẹ́ di ẹ̀rín, kò tíì dà á.

"Á jó, Kábíyèsí. Kò sì mọ ijó jó."

"Jẹ́ kó jó, nígbà náà. Tó o bá sì ń wá èyí tí ọwọ́ ọkọ rẹ kàn, òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Èyí tó wà nínú omi, ìyẹn ń bá ayé rẹ̀ lọ."

Ó fún un ní èèpo náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Baálẹ̀ wá tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó wú ikọ́, àwa náà mọ̀ pé ìdájọ́ ti dé.

"Ẹ fetí sílẹ̀. Alákàn inú báàfù, Ṣọ́jà ni. Malachi kò jẹ ẹ́. Ìdána kò yẹ̀."

Gbénró mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n, Malachi! O gba àlejò sílé, o wá se àwọn ìbátan rẹ̀ níwájú rẹ̀. Peculiar, ṣé alákàn máa ń gbóòórùn?"

"Ó máa ń gbọ́ sà. Àwọn irun tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú rẹ̀ yẹn ló fi ń gbọ́ ọ."

"Ó gbọ́ bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ta sánsán pẹ̀lú ẹfinrin! Nítorí náà, láti òní títí di ọjọ́ ìdána, o kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ohunkóhun tó bá wọ eegun rẹ̀ síta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní oríkèé. Alákàn, kò sí. Ìrẹ̀, kò sí. Tata, kò sí. Èsúnsún, kódà bí òjò bá kó wọn wọlé bá ọ, kò sí. Edé…"

"Edé?" Bàbá Gbénró di ẹsẹ̀ Baálẹ̀ mú. "Kábíyèsí! Edé inú ọbẹ̀?"

"Lílọ̀ àti àìlọ̀."

"Kí ni mo máa wá fi jẹ ọbẹ̀?"

"Sùúrù."

Màmá Ọmọ́tárá kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun. Baálẹ̀ yíjú sí i.

"O ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ fi ẹ̀sùn olè kan àna rẹ, nígbà tí o mọ̀ pé kò jalè. Ìwọ ni wàá máa se ọbẹ̀ aláìledé náà fún un ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Abọ́ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa jẹ."

"Kábíyèsí," ló wí, ó ti kúnlẹ̀, "ẹ kúkú lé mi kúrò nílùú."

"Ìka mi ńkọ́?" ni Jagun bi í. Ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i.

"Ìwọ lo wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Jókòó."

Ni Bàbá Gbénró bá gbójú sókè, bí ẹni tó rí ihò lára ògiri ẹ̀wọ̀n. "Kábíyèsí, ìgbín ńkọ́? Òun náà gbé eegun rẹ̀ síta o."

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Peculiar. Ọmọ náà ronú, ó wo Baálẹ̀, ó wo télọ̀, àánú ṣe é.

"Kì í ṣe ẹbí wọn sà. Ìgbín kò ní ẹsẹ̀ rárá, ká má tilẹ̀ wá sọ oríkèé. Ìkarahun rẹ̀ sì ń bá a dàgbà, kì í bọ́ ọ sílẹ̀."

Ojú Baálẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ẹran inú pańpẹ́ já mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kò lè kó o padà. Ó dìde, ó wọlé lọ.

Màmá Ọmọ́tárá di èèpo náà sínú hánkáṣíìfù, ó fi sí àyà. Ó wo télọ̀.

"Ìgbín wà nílé mi," ló wí. "Ọkọ ọmọ mi ló kó wọn fún mi láti Ìbàdàn. Wọ́n tóbi."

"Ẹ ṣé, Màmá Ọmọ́tárá. Ata ńkọ́?"

"Ata wà. Ẹ bá mi gbé báàfù, kí ẹ rọra o. Tí omi rẹ̀ bá ta dànù, mo tún máa pè yín lẹ́jọ́."

Bàbá Gbénró gbé Ṣọ́jà, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Ọmọ́tárá àti Gbénró tẹ̀ lé wọn, wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Jagun fi mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ bá wọn délé ni o, kí òun lè tọ́ ọbẹ̀ náà wò, kí ìlú lè mọ̀ dájú pé kò sí edé níbẹ̀.